Ta Ló Sọ Ọ́, Báwo Ló sì Ṣe Mọ̀? Àwọn Ọmọ Wa ní Rẹ́mọ àti Ìwádìí Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá tí àwọn olùkọ́ ń fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní JSS 1 títí dé JSS 3 ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lónìí, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìpẹrù dé Ìsarà, kò sí èyí tí ó gbòde tó èyí tí olùkọ́ máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo parí pé, “Ẹ lọ ṣe ìwádìí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.” Olùkọ́ á kọ àkòrí sára pátákó, agogo á lù, ọmọ á gba ilé lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí jẹ́, ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é, ẹni tí a lè gbà gbọ́ àti ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí, kò sí ẹni tí ó jókòó ti ọmọ náà láti là á yé e. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí a sì gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí a ó bá níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí olùkọ́ kankan: ojú ewé méjì tí a dà kọ láti Wikipedia, tí àwọn nọ́ńbà kéékèèké inú àkámọ́, èyí tí ó ń tọ́ka sí ìwé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, wà láàárín gbólóhùn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe bá wọn, tí kò mọ ohun tí wọ́n wà fún, àti ní ìsàlẹ̀, níbi tí ó yẹ kí ó ti sọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, orúkọ kan péré: Google.

Ẹ̀bi ọmọ kọ́ ni èyí, mo sì fẹ́ kí àwa àgbà gbà á bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 2001, àwọn ọmọ ni ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ni ó ń bá ìyá àgbà wá fọ́tò ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun, àwọn ni ó ń tún un ṣe bí ó bá kọ iṣẹ́. Ní ọdún 2020 tí àrùn kòrónà dé, tí wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà lára àlejò kan tí ó wá sí ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí gan-an, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì ti pa, orí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni a gbé ẹ̀kọ́ lọ. Nítorí náà ẹnu yà wá sí ìyára ọwọ́ wọn, a sì rò pé ẹni tí ó yára ní ọwọ́ ti mòye nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí mo ń wí ni ìrírí ẹni tí wọ́n ti purọ́ fún rí, tí ó ti dá ẹjọ́ rí, tí ó mọ̀ pé ohùn tí ó dùn jù kì í ṣe ohùn òtítọ́ nígbà gbogbo. Èyí ni àwa ní, tí ọmọ kò ní, tí a kò sì fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìmọ̀kan àwọn ọmọ Rẹ́mọ nìkan ni mo ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí kọ̀ǹpútà ti pẹ́ ní kíláàsì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Donald Leu, ti Yunifásítì Connecticut, mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ 25, tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti àwọn ọmọ JSS wa lọ, ó sì fi ìkànnì kan hàn wọ́n tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa octopus, ẹranko inú òkun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, pé irú rẹ̀ kan wà tí ó ń gbé orí igi nínú igbó. Ẹnìkan ni ó fi ìtàn náà ṣe àwàdà láti ọdún 1998. Kò sí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ 25 wọ̀nyí, àfi ẹyọ kan, gbogbo wọn ni ó gbà á gbọ́, àní nígbà tí a sọ fún wọn pé irọ́ ni, àwọn kan ṣì ń jiyàn pé ẹranko náà wà. Ní ọdún 2016 bákan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford, tí Sam Wineburg jẹ́ olórí wọn, fi ojú ewé ìkànnì ìròyìn kan han àwọn ọmọ tí ó wà ní irú kíláàsì yìí. Ìpolówó ọjà wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ẹnìkan ni ó sanwó rẹ̀; síbẹ̀ ó ju 80 lọ nínú ọmọ 100 tí ó pè é ní ìròyìn. Àwọn ọmọ tí a bí sínú ayé íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn o.

Irọ́ tiwa ṣe wá ní jàǹbá ju ti octopus lọ. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2014 ni ọkùnrin ará Làìbéríà kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó, nínú oṣù tí ó tẹ̀lé e ni ìròyìn kan sì ta káàkiri lórí fóònù ní òru ọjọ́ kan, pé kí oníkálukú fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àrùn náà má baà ràn án. Ta ni kò rántí òru náà ní ilẹ̀ Yorùbá? Ìyá pe ọmọ, ọmọ pe ẹ̀gbọ́n, pásítọ̀ pe ìjọ, wọ́n ń jí ara wọn lójú oorun; a kò sì rí ẹni tí ó béèrè orúkọ dókítà tí ó fi oògùn náà lélẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé e pé ènìyàn méjì kú ní Jọ́ọ̀sì nínú àmujù iyọ̀, àti pé nǹkan bí ogún mìíràn dèrò ilé ìwòsàn. Àwọn baba wa a máa wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá irọ́ iyọ̀ yìí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sórí fún àwọn tí ó mu ún. Àgbà pọ̀ nínú àwọn tí ó tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, mo sì gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé bí a bá ti kọ́ wọn láti ọmọ ọdún méjìlá kí wọ́n máa béèrè pé ta ló sọ ọ́, fóònù púpọ̀ kì bá tí dún.

Níbo wá ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀dọ̀ Google náà ni, kí a sọ fún ọmọ ohun tí ó jẹ́ gan-an. Yóò tètè yé ẹni tí ó bá mọ ọjà obì Ṣágámù. Láti ìgbà tí àwọn Hausa ti tẹ̀dó sí Sábó, tí obì gbànja ilẹ̀ Rẹ́mọ ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí òkè ọya, alárinà ti wà láàárín ẹni tí ó ní obì àti ẹni tí ó fẹ́ rà á. Alárinà kò gbin obì, kò bó o, kò sì wé e ní ewé. Ohun tí ó mọ̀ ni ilé tí obì wà, yóò sì mú ọ lọ síbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tí obì rẹ̀ dára jù ni yóò kọ́kọ́ mú ọ lọ, ó sì lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti fún un lówó. Bí obì tí o rà bá wá kún fún kòkòrò, tí a bi ọ́ pé ọwọ́ ta ni o ti rà á, o kò lè fi orúkọ alárinà dáhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Google rí. Kì í ṣe òun ni ó kọ àwọn ojú ewé tí ó fi hàn ọ́. Àwọn tí ó sanwó ni a sì máa ń rí lókè pátápátá, pẹ̀lú àkọlé kékeré tí ó ń sọ pé ìpolówó ni. Ọmọ tí ó bá kọ “Google” sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì sọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú iṣẹ́ kan gédégbé kí a sì ṣe é pọ̀. Olùkọ́ ní kí ọmọ JSS 2 kan kọ̀wé nípa bí a ṣe tẹ Ṣágámù dó. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò bá pàdé ni pé orúkọ ìlú náà kò dúró sójú kan. Àwọn ìwé àtijọ́ ń kọ ọ́ ní Ishagamu, àwọn mìíràn ní Shagamu, ìjọba sì ń kọ ọ́ ní Sagamu. Bí ó bá tẹ ọ̀kan, ohun tí yóò rí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí yóò rí bí ó bá tẹ èkejì. Mo ti rí i pé ibi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ̀rètí nù, tí wọ́n ń sọ pé kò sí nǹkan lórí rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé bí a ti ń kọ ọ́ láyé ọjọ́un ni wọn kò tẹ̀. Kí olùkọ́ kọ ọ́ sára pátákó fún wọn ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó ní kí ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, kí wọ́n sì wá fi ohun tí wọ́n rí wéra. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan, gbogbo kíláàsì yóò ti mọ ohun tí àlàyé wákàtí kan kò lè fi yé wọn.

Lẹ́yìn èyí, ọmọ náà yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti sọ pé ọdún 1872 ni àwọn ìlú mẹ́tàlá, Òfin àti Màkún àti àwọn yòókù wọn, para pọ̀ nítorí ogun àti àìfararọ ìgbà náà, tí wọ́n sì di ìlú kan lábẹ́ ọba wọn, Akárìgbò. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò dúró síbẹ̀, wọn á dà á kọ. Ó yẹ kí a kọ́ ọmọ láti bi ojú ewé náà léèrè: ta ni ó kọ ọ́? Níbo ni ó ti gbọ́ ọ? Ṣé ẹlòmíràn tí kò dà á kọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ ohun kan náà? Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣòro jù, nítorí pé ìkànnì mẹ́wàá lè sọ ohun kan náà ní ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lú àṣìkọ kan náà, èyí tí í ṣe àmì pé ẹnu kan ṣoṣo ni ó sọ̀rọ̀ tí àwọn mẹ́sàn-án yòókù kàn ń gbe orin. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé mẹ́wàá náà ń jẹ́ ọ̀kan ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀.

Wineburg kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun àti Sarah McGrew, gbé irú ìdánwò yìí ka iwájú àwọn ọ̀mọ̀wé onítàn mẹ́wàá, akẹ́kọ̀ọ́ Stanford 25, àti àwọn mẹ́wàá tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yẹ òdodo ìròyìn wò fún ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ìwọ yóò rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ni yóò borí. Wọn kò borí. Ojú ewé tí a fún wọn ni wọ́n jókòó tì, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, ẹwà rẹ̀ àti orúkọ ńlá tí ó ń jẹ́ sì tan ọ̀pọ̀ wọn jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ayẹ̀ròyìn-wò kò pẹ́ lórí ojú ewé náà rárá tí wọ́n fi jáde kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣí òmíràn àti òmíràn, láti gbọ́ ohun tí ayé ń sọ nípa ẹni tí ó ni ín kí wọ́n tó padà wá ka ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa ara rẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, ilé ẹjọ́ àwọn baba wa ni ó wá sí mi lọ́kàn. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kò sí baálé kan tí yóò gbọ́ ẹnu olùpẹ̀jọ́, bí ó ti wù kí ẹnu náà mọ́ ọ̀rọ̀ í sọ tó, tí yóò sì dìde dájọ́. Yóò ránṣẹ́ pe ẹnìkejì, yóò béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò, yóò wo ojú ẹlẹ́rìí. Ohun tí àwọn ará Stanford fi ìwádìí rí yìí kò ṣàjèjì sí àṣà wa. A kàn gbàgbé láti mú un wọ kíláàsì ni.

Bí a bá pe ẹlẹ́rìí lórí ìtàn Rẹ́mọ, àwọn wo ni yóò dìde? Àlùfáà Samuel Johnson wà, ẹni tí ó parí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní 1897, tí ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi rán sí òkè òkun, tí òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901, kí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó sì jáde ní 1921. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà báyìí lórí ìkànnì Internet Archive, ọmọ JSS kankan tí ó ní dátà díẹ̀ lè ṣí i. Johnson sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin, àwọn apìtàn Ọ̀yọ́, ni òun ti gbọ́ ìtàn àtijọ́, ohun ńlá ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ó ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù, ojú Ọ̀yọ́ ni a fi ń wo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbẹ̀. Alàgbà D. Onadele Epega ti Òde-Rẹ́mọ wà pẹ̀lú, tí ó kọ Ìwé Ìtàn Ìjẹ̀bú àti Ìlú Mìíràn ní èdè Yorùbá, tí ó sì fi ojú ọmọ ilé kọ ọ́. Insa Nolte ti Yunifásítì Birmingham náà wà, tí ìwé rẹ̀ lórí Awólọ́wọ̀ àti bí Rẹ́mọ ṣe di ohun tí ó dà jáde ní 2009. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. N kò retí pé kí ọmọ ọdún méjìlá ka gbogbo wọn tán. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ó mọ̀ pé wọ́n wà, kí ó ṣí ojú ewé kan péré nínú ọ̀kan, kí ó fi wé ohun tí ó rí lórí ìkànnì tí kò ní olórúkọ, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọn kò bá bára mu. Bí ó bá kọ̀wé pé, “Lágbájá ní báyìí ni, Làkáṣègbè ní bẹ́ẹ̀ kọ́,” kí olùkọ́ fún un ní máàkì tí ó ju ti ẹni tí ó da ojú ewé mẹ́rin kọ lọ. Bí a kò bá fi máàkì sí i, wọn kò ní ṣe é. Ọmọ ń wo ibi tí máàkì wà.

Wikipedia fúnra rẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a ń bú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001 tí ó ti wà, ó ti di ibi tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, bí ọmọ bá mọ̀ pé àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí ó ń dà kọ lásán nì ni ó ṣe pàtàkì jù lórí ojú ewé náà, nítorí pé bí ó bá tẹ ọ̀kan, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ibi tí kò bá sì sí nọ́ńbà, kí ó fura. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, ChatGPT, tí ó wọ ayé ní oṣù Bélú ọdún 2022, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán, kì í sì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò bá mọ̀, a máa hun orúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí, pẹ̀lú ọdún tí ó jáde àti orúkọ òǹkọ̀wé. Ọmọ tí kò tíì mọ bí a ti ń wá ẹlẹ́rìí kò yẹ ní ẹni tí a dá fi sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé kò sí iná, dátà wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò sì gba fóònù láàyè nínú ọgbà. Òótọ́ ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti olùkọ́ tó fún ẹ̀kọ́ tí mo ń sọ. Kí ó ti tọ́jú ojú ewé méjì tí kò bára mu sínú rẹ̀ láti ilé, tàbí kí ó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, kí kíláàsì sì dá ẹjọ́ láàárín wọn. Ètò ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ Kiwix wà pẹ̀lú, tí a fi ń gbé odidi Wikipedia sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, tí a ó sì máa kà á láìsí dátà. Èyí tí ó jẹ́ ti Yorùbá kò wúwo rárá. Ìkẹ́nnẹ́ ni ìlú tí ó yẹ kí ìwádìí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ti rọrùn jù. Níbẹ̀ ni a bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909, ọmọ tí baba rẹ̀ kú mọ́ ọn lójú ní kékeré, tí ó tiraka kà á lórí ìwé títí tí ó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944 láìfi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà yunifásítì náà, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ òfin. Níbẹ̀ sì ni Ilé Ìkàwé Sopolu wà títí di òní, pẹ̀lú àwọn ìwé Awólọ́wọ̀. Níbẹ̀ náà ni Tai Solarin, ọmọ bíbí ìlú kan náà, dá Mayflower sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1956, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sọ pé ìmọ̀ ni ìmọ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara wọn roko, tí wọ́n sì ń fi ẹnu ara wọn béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó ń gbé láàárín ilé ìkàwé àti ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò yẹ kí ó gbà gbọ́ pé orí fóònù nìkan ni ìwé wà.

Ìwé tún wà níbi tí a kò fọkàn sí. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká fẹ́ kọ ìwé tí ó pè ní Ìsarà, tí ó jáde ní 1989, àpótí páànù baba rẹ̀ ni ó ṣí: lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìpàdé, rìsíìtì owó orí, ìwé àbọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé púpọ̀ ní Rẹ́mọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kòkòrò sì ń jẹ wọ́n lọ. Wikipedia ti èdè Yorùbá ní àpilẹ̀kọ tí ó ju 30,000 lọ, síbẹ̀ ohun tí ó wà níbẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wa wọ̀nyí kò tó nǹkan. Àwọn ọmọ JSS wa lè kọ èyí tí ó kù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ nípa kíkọ ohun tí bàbá àgbà sọ síbẹ̀ tààrà, nítorí pé ohun tí a ti tẹ̀ jáde ni ìkànnì náà ń béèrè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Inú ìwé àtìgbàdégbà ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde. Kí ọmọ lọ bá àgbà ní agbo-ilé rẹ̀, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó gba àṣẹ kí ó tó tẹ fóònù láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ bí ó bá fẹ́, agbo-ilé rẹ̀, ọjọ́ tí ó sọ̀rọ̀, àti ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ. Kí ó ya fọ́tò ìwé tí ó bá jáde láti inú àpótí, láìmú un kúrò nílé. Kí olùkọ́ sì fi ẹ̀dà kan sí yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́, kí ó fi èkejì ránṣẹ́ sí ààfin ọba ìlú náà, kí ọmọ ọdún tí ń bọ̀ lè ní ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ Google lọ̀.